Igbó Mabi: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò sórí òkè Atherton

Ọjọ́rú: Cairns sí Yungaburra

Inú oṣù Èrèlé nìyí, òjò kì í fẹ́ẹ́ dá ní àríwá Queensland, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò máa ń fẹ́ láti oṣù Òkúdù sí Ọwẹ́wẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Ìgbà òjò la yàn ní tiwa, torí pé ìgbà yẹn ni wọ́n ń gbin igi, igi gbígbìn ló sì máa sọ bóyá kangarúù orí igi, tí wọ́n ń pè ní mabi, á pẹ́ lórí òkè Atherton.

Láti Cairns, ẹ kọrí sí gúúsù dé Gordonvale, kí ẹ yà sápá ọ̀tún, kí ẹ máa gun òkè Gillies. Gígun náà ò ju nǹkan bíi kìlómítà 19 lọ, ṣùgbọ́n kọ́nà 263 ló wà lójú rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Ọsirélíà. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá, tí ọwọ́ ọ̀tún ti mọ́ lára, kó kọ́kọ́ wakọ̀ yí ká ìgboro Cairns fún ọjọ́ kan. Ẹni tí ọkọ̀ máa ń mú bì, iwájú ni kó jókòó. Òkúta máa ń já bọ́ sójú ọ̀nà yìí lẹ́yìn òjò ńlá. Bí wọ́n bá tì í, ẹ gba Kuranda lápá àríwá, tàbí kí ẹ lọ dé Innisfail kí ẹ gba ọ̀nà Palmerston gòkè. Ẹ rọ epo kún táǹkì kí ẹ tó kúrò ní Gordonvale.

Lókè, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ: pápá màlúù, oko àgbàdo, oko ànàmọ́ òyìnbó, ilẹ̀ pupa tó sanra. Lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn àgbẹ̀ pàtẹ píà, elégédé àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n kọ iye owó síi, wọ́n gbé àpótí owó tì í, wọ́n bá tiwọn lọ. Gẹ́gẹ́ bí àtẹ ojú ọ̀nà oko nílé ni, èyí tí wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ sàmì iye owó sí láyé àtijọ́. Ẹ mú owó ṣílè dání, àpótí ò lè fún yín ní ṣéńjì.

Ẹranko tí a wá wò, ìbátan kangarúù ilẹ̀ ni, àwọn baba ńlá rẹ̀ ló padà gun igi. Áfíríkà ò ní ẹranko kankan tó ń gbé ọmọ sínú àpò ara, nítorí náà kò sí ojúgbà rẹ̀ nílé. Nǹkan bí ẹ̀yà 14 ló wà láyé: méjì péré ní Ọsirélíà, ìyókù ní erékùṣù New Guinea. Èyí tí wọ́n fi orúkọ Bennett pè ń gbé lápá àríwá odò Daintree. Èyí tí wọ́n fi orúkọ Lumholtz pè ló wà lórí òkè yìí. Carl Lumholtz, ará Norway, dé àfonífojì odò Herbert níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó mọ igbó náà ló bá a mú ẹranko yìí, Robert Collett sì ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1884. Àwọn Ngadjon-jii tó ni ilẹ̀ Malanda mọ̀ ọ́n ní mabi tipẹ́tipẹ́ kí àlejò kankan tó dé. Orúkọ náà la ó máa lò.

Ọjọ́bọ̀: igbó Curtain Fig àti odò Peterson

Igbó Curtain Fig kò jìnnà sí Yungaburra rárá, ẹsẹ̀ tó dá lè rìn ín. A kì í san owó ìwọlé. Igi tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ jẹ́ ẹbí òdán: orí igi mìíràn ló ti hù, ó fún un pa, igi náà ṣubú gbára lé ẹnìkejì rẹ̀, gbòǹgbò sì ń ṣàn bọ̀ sílẹ̀ láti ara rẹ̀ tó fi ga tó nǹkan bíi mítà 15. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì kúrò. Igbó tó yí i ká gan-an ló yẹ kí wọ́n dúró wò.

Orí ilẹ̀ tí òkè ayọnáyèéfín fi sílẹ̀ ni igbó mabi, irú igbó tó yí igi náà ká, ti ń hù. Ilẹ̀ náà lóúnjẹ nínú, ewé tó hù níbẹ̀ sì ń ṣara lóore fún ẹranko tó jẹ́ pé ewé ló fi ń ṣe oúnjẹ. Ọràá ilẹ̀ yẹn náà ló kó bá igbó. Láti àwọn ọdún 1880, àwọn agégẹdú wá kó igi olówó iyebíye, àwọn àgbẹ̀ tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì sọ ilẹ̀ di pápá màlúù àti oko àgbàdo. Nínú irú igbó yìí, nǹkan bíi 4 nínú 100 ló ṣẹ́ kù, ìyẹn bíi hẹ́kítà 1,050, tó wà káàkiri ní abala kéékèèké. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti kọ ọ́ sára àwọn igbó tó wà nínú ewu tó ga jù lọ. Igbó ńlá tó wà létí òkè wà lábẹ́ ààbò Ogún Àgbáyé láti 1988. Àárín oko àwọn ènìyàn ni ọ̀pọ̀ nínú abala kéékèèké wọ̀nyí wà.

Bí a ṣe ń wá mabi rèé. Ẹ jí ní kùtùkùtù, kí ẹ dúró sí ẹ̀bá igbó, kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run wà lẹ́yìn igi. Ẹ má wo ewé. Oríta ẹ̀ka ni kí ẹ máa fojú wá, láti bíi mítà 8 sí 20 lókè, pàápàá níbi tí ìtàkùn bá ti díjú. Tó bá ń sùn, á ká jọ, á tẹ orí mọ́ àyà. Ohun tó ń tú u fó ni ìrù: ó gùn ju ara rẹ̀ lọ, ó sì máa ń so rọ̀ tààrà sísàlẹ̀. Ìrù yẹn kì í di ẹ̀ka mú, fún ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ló wà. Ìdì àfòmọ́ àti ilé ikán orí igi ló sábà máa ń tan ojú jẹ. Bí ẹ ò bá rí ìrù, ẹ máa wá a lọ. Awò awọ̀nàjíjìn 8x42 tó. Ẹ wo ara igi pẹ̀lú bóyá èékánná ti ya á, kí ẹ sì wo ilẹ̀ bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ojú rẹ̀ dúdú, ọ̀já aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ wà níwájú orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ bí eérú. Akọ máa ń wọ̀n tó kílò 7 sí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, abo kéré sí i. Ọwọ́ rẹ̀ lágbára, èékánná rẹ̀ gùn, ó tẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, ó fẹ̀ ju ti kangarúù ilẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rí gbágungbàgun kó má baà yọ̀ lórí epo igi. Ó lè gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan bó bá ń rìn lórí ẹ̀ka, ohun tí kangarúù ilẹ̀ kì í ṣe bó bá ń tọ. Ìdí ló máa ń kọ́kọ́ fi sọ̀ kalẹ̀, bí ẹ̀rù bá sì bà á, á fò láti òkè bọ́ sílẹ̀, á sì bẹ́ lọ.

Ní ọ̀sán, a rìn létí odò Peterson ní Yungaburra. Ìyá àgbà kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn (ó fi okùn dè é) dá wa dúró, ó tọ́ka sókè, mabi sì wà níbẹ̀, ó ń jẹ ewé tábà igbó. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni igi yẹn ti wá, koríko búburú ni wọ́n kà á sí níhìn-ín, ṣùgbọ́n mabi ń jẹ ewé rẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ bí igi ìbílẹ̀ ṣe ń dàgbà rọ́pò rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì: ibi ìtọ́jú ọmọ igi ní Lake Eacham

Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni ẹgbẹ́ TREAT (Trees for the Evelyn and Atherton Tablelands), àwọn tó ń gbin igi igbó padà, máa ń pàdé níhìn-ín. Ọdún 1982 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Joan Wright àti Geoff Tracey wà nídìí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba ló ni ibi ìtọ́jú náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àlejò lè wọlé láìsan owó. Wọ́n á fún yín níṣẹ́, wọ́n á sì fún yín ní tíì.

Èso tútù ni wọ́n ń lò. Wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi, wọ́n ń bó ẹran ara rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ń gbin kóró náà kíá. Kóró ọ̀pọ̀ igi igbó òjò kì í gba gbígbẹ: bí ẹ bá fi pamọ́ bí a ṣe ń fi àgbàdo pamọ́ sí àká, ó ti kú nìyẹn. Ìyẹn náà ló fà á tí wọn kò fi lè kó irúgbìn jọ de ọdún tí owó bá wọlé. Ohun tí igbó bá so lọ́dún yìí ni wọ́n máa gbìn.

Bó bá hù, wọ́n á ṣí i sínú ike gígùn tín-ínrín. Ẹ di etí ewé rẹ̀ mú, ẹ má di igi rẹ̀, nítorí bí igi rẹ̀ bá fọ́, kò ní hu mìíràn. Ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀ gbọọrọ. Gbòǹgbò tó bá ká sókè nínú ike á ká bẹ́ẹ̀ títí ayé, igi náà á sì ṣubú nígbà tó bá ga. Lábẹ́ òjìji ló máa kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí wọn kò bá fi oòrùn mọ́ lára, ewé rẹ̀ á jóná láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó bá dé oko.

Oúnjẹ ọ̀sán: páì ẹran láti ilé búrẹ́dì, kò tó dọ́là 10. Ní ìrọ̀lẹ́, a jókòó sí Lake Barrine. Tíì, síkóònù, ọ̀rá wàrà àti jáàmù ni wọ́n ń tà létí adágún náà, igi kauri méjì ràgàjì sì dúró pọ̀ nítòsí. Ẹ tètè dé, wọn kì í ṣí dalẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: gbígbin igi

Àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbin igi nígbà òjò. Iṣẹ́ ti pọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti máa ń fín oògùn apakoríko, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò sílẹ̀. Àlàfo mítà 1.5 sí 1.8 ló wà láàárín ihò méjì, èyí tó túmọ̀ sí igi 3,000 sí 4,400 lórí hẹ́kítà kan. Ó pọ̀ lójú àgbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi gẹdú là ń gbìn. Ohun tí wọ́n ń lé ni kí ewé tètè pàdé lókè, kí òjìji pa koríko.

Ní ihò kọ̀ọ̀kan: ajílẹ̀ sísàlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí kó má baà jó gbòǹgbò. Ẹ ti rẹ ọmọ igi náà sómi ṣáájú. Ẹ tẹ ike, kí ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ má fà á. Ẹ rì í kó kéré sí ojú ilẹ̀ díẹ̀, kí òjò lè dúró sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn gírígírí, nítorí àlàfo afẹ́fẹ́ létí gbòǹgbò ló ń pa ọ̀pọ̀. Koríko gbígbẹ ni kí ẹ fi bo ìdí rẹ̀, kó má kan igi fúnra rẹ̀, kó má baà rà.

Wọ́n ń da oríṣiríṣi pọ̀. Àwọn kan ń yára ga, bíi Homalanthus, tó máa ń kú láàárín ọdún mélòó kan lẹ́yìn tó bá ti fún àwọn yòókù ní òjìji. Àwọn kan ń so èso tí ẹyẹ fẹ́ràn. Ẹyẹ á wá jẹ, á sì ya kóró igi tí ẹnikẹ́ni ò gbìn sílẹ̀. Ní àgbègbè yìí ni wọ́n ti ṣe ọ̀nà yìí yanjú, àwọn ará Thailand sì gbà á lò lẹ́yìn náà.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni lẹ́yìn gbígbìn. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi máa padà wá tọ́jú koríko. Bí owó bá tán lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, koríko màlúù á gùn ju igi lọ, á fún un pa. Bí ọgbà bá já lálẹ́ kan, màlúù á tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀, ìrì dídì máa ń jó ọmọ igi ní oṣù Agẹmọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n yan sọ́séèjì fún gbogbo wa. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ gígùn bo ẹnu ṣòkòtò, torí eṣúṣú pọ̀. Ẹ yẹ ara yín wò lálẹ́ fún eégbọn: irú kan wà níbí tí oró rẹ̀ lè rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀. Ẹ̀mú tín-ínrín ni kí ẹ fi mú un létí awọ, ẹ má fún un nínú. Kí ẹ sì mọ igi gympie: ewé rẹ̀ fẹ̀, ó rí bí àwòrán ọkàn, irun wẹ́wẹ́ bò ó. Ẹbí èsìsì ni, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ lè padà wá jẹ ènìyàn fún oṣù púpọ̀. Etí ojú ọ̀nà tí oòrùn ti ń tàn ló ti ń hù. Ẹ má fi ọwọ́ pa á. Nǹkan tó ń lẹ̀ tí wọ́n fi ń yọ irun ara ni kí ẹ fi fa ẹ̀gún rẹ̀ yọ.

Ní ọ̀sán, a lọ wo ọ̀nà igi tí wọ́n ń pè ní Donaghy's Corridor. Láti 1995 sí 1998 ni wọ́n gbìn ín létí odò Toohey, ó gùn tó kìlómítà 1.2, ó fẹ̀ tó mítà 100, ó so igbó Lake Barrine pọ̀ mọ́ igbó ńlá Gadgarra. Àgbẹ̀ tó nílẹ̀ gbà kí wọ́n lò ó. Wọ́n fi ọgbà yí i ká, wọ́n sì ṣe omi mímu fún màlúù rẹ̀ síbòmíràn kí wọ́n má baà máa wọ odò. Wọ́n fi igi páìnì tò sí etí rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní gbà pé pápá màlúù ni níjọ́sí.

Ọjọ́ Àìkú: ojú ọ̀nà

Lórí igi, ohun tó ń pa mabi ò pọ̀: òjòlá ńlá, ẹyẹ idì bí ó bá rí ọmọ. Ilẹ̀ ni ewu wà. Akọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà gbọ́dọ̀ wá ibùgbé tirẹ̀, nítorí abo kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tó ń gbé, nǹkan bíi hẹ́kítà kan sí méjì, akọ àgbà sì ń lé àwọn akọ mìíràn. Bí igbó bá jẹ́ abala kékeré, ó di dandan kó sọdá pápá. Níbẹ̀ ni ajá oko, dingo (ajá igbó Ọsirélíà) àti ọkọ̀ ti ń bá a. Ajá kan tí wọn kò dè lóru lè pa mabi tó gba ọdún púpọ̀ kó tó dàgbà, láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ gbọ́ ohùn kan.

A tẹ̀ lé ọ̀nà East Evelyn láàárín Millaa Millaa àti Ravenshoe. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n parí ní 2001, wọ́n la ihò ńlá mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀ fún ẹranko. Wọ́n tẹ́ ìtì igi àti ẹ̀ka sínú rẹ̀ kí ẹranko tó bá bá dingo pàdé rí ibi gùn, wọ́n sì gbin igi dé ẹnu rẹ̀ lápá méjèèjì. Ihò láìsí igi lẹ́nu rẹ̀ kò wúlò. Àwọn okùn tí wọ́n nà sókè ojú ọ̀nà níbòmíràn, possum, ẹranko kékeré orí igi tó ní àpò ara, ló ń lò ó jù.

Láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀, ẹ dín ìsáré kù sí kìlómítà 60 níbi tí igbó bá ti súnmọ́ títì, bí pátákó òfin tilẹ̀ gba 100. Bí ẹ bá rí èyí tí ọkọ̀ ti gbá, ẹ páàkì síbi tí kò léwu, kí ẹ wò bóyá abo ni. Bí ó bá ti kú, ẹ wo inú àpò rẹ̀. Bí ọmọ bá wà níbẹ̀ tó ṣì di ọmú mú, ẹ má fà á: ẹnu rẹ̀ á ya. Ẹ gbé ìyá àti ọmọ pọ̀, ẹ fi aṣọ wé e kó móoru, kó wà nínú òkùnkùn, kí ẹ sì pe àwọn tó ń gba ẹranko là. Ẹ má fún un ní omi tàbí wàrà màlúù, ikùn rẹ̀ kò lè dà á. Ẹ fi nọ́ńbà wọn sínú fóònù kí ẹ tó gòkè, nítorí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í dé gbogbo ibẹ̀.

Alẹ́ náà ní Mount Hypipamee, ihò òkúta tí omi rẹ̀ wà ní mítà 58 sísàlẹ̀ ẹnu. Ó tutù, ẹ mú aṣọ òtútù. Fún tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi nǹkan pupa bo ojú rẹ̀, kí ẹ má tan án sójú ẹranko kan ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé: Malanda, lẹ́yìn náà Innisfail

Òjò dá díẹ̀. Nínú ọgbà ìṣàn-omi Malanda, ọ̀nà ẹsẹ̀ kúkúrú ni, kò gba wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, a yà sí etí oko tíì Nerada, níbi tí mabi sábà máa ń wà lórí igi tó wà létí oko. Ẹ fóònù síbẹ̀ ṣáájú kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ń gba àlejò lọ́jọ́ náà.

Abo kan wà lórí igi, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ti tóbi ju kó wọ àpò lọ. Oyún inú ò ju nǹkan bí ọjọ́ 45 lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni, ìhòòhò ló wà, á sì rọ́ra rá wọ inú àpò fúnra rẹ̀, níbi tí yóò wà fún bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, á ṣì máa tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ títí tí yóò fi tó bí ọmọ ọdún méjì, kó lè mọ ewé tó yẹ ní jíjẹ, torí pé májèlé wà nínú ọ̀pọ̀ ewé igbó òjò. Bí wọ́n ṣe ń pẹ́ bímọ tó yìí, ikú abo kan lójú títì kì í ṣe ohun tí ọdún kan lè tún ṣe.

Ní New Guinea, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ọdẹ àti ajá ọdẹ ni olórí ìṣòro lọ́dọ̀ wọn. Ní Huon Peninsula, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló yọ̀ǹda ilẹ̀ ìdílé fún ààbò kangarúù orí igi tí wọ́n fi orúkọ Matschie pè, ìjọba Papua New Guinea sì fọwọ́ sí i ní 2009 lábẹ́ orúkọ YUS, tí wọ́n ṣà láti inú orúkọ odò mẹ́ta: Yopno, Uruwa àti Som. Ní Atherton, kò sí ẹni tó ń dọdẹ mabi. Àlàfo láàárín igbó ló ń pa á, ìyẹn la fi lo ìrìn-àjò yìí fún igi gbígbìn ju fọ́tò lọ.

A sọ̀ kalẹ̀ gba ọ̀nà Palmerston lọ sí Innisfail. Kọ́nà rẹ̀ kò tó ti Gillies. Ẹni tó bá rí mabi, láàyè tàbí lókùú, kó kọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ ọ̀nà, ibi gan-an lórí máàpù fóònù, iye tó rí, àti bóyá orí igi tàbí ilẹ̀ ló wà, kó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Tree Kangaroo and Mammal Group, tí wọ́n ti ń kó irú ìròyìn yìí jọ láti 1997. Èyí tí ọkọ̀ pa pàápàá wúlò fún wọn, nítorí ibi tí òkú bá pọ̀ sí ni wọ́n fi ń mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbin igi sí tẹ̀ lé e.